Ọ̀nà Ìlerò Tí Wọ́n Fi Ẹnu Òkú Júwe fún Mi

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹṣin tó wọ kóòtù, inú bí mi. Àwọn tí mo sọ ọ́ fún nílé rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Èmi tí mo dúró síbẹ̀, tí atẹ́gùn ń gba inú súwẹ́tà òkìrìkà mi wọlé, kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Kóòtù ẹṣin náà nípọn ju tèmi lọ. Ó ní okùn lábẹ́ ikùn, wọ́n sì kọ orúkọ ẹṣin sí i lára. Nígbà tó yá, mo tún gbọ́ pé àwọn ẹṣin ní dókítà eyín tiwọn tó máa ń wá yẹ ẹnu wọn wò. Eyín ń ro èmi náà lásìkò yẹn. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, àwọn tó wà níwájú mi pọ̀.

Apá òkè Sikọ́tílándì ni mo wà, níbi tí òkè pọ̀ ju ènìyàn lọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló gbé mi débẹ̀. Arúgbó tí mo ń tọ́jú ní ẹṣin, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hẹ́lẹ̀nì, ló sì ń fi àwọn ẹṣin náà ṣòwò. Àwọn olówó máa ń ti ìlú ńláńlá wá, wọ́n á gùn wọ́n gba orí òkè lọ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n lè sọ pé àwọn ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Nígbà tí arúgbó náà kú, Hẹ́lẹ̀nì ní kí n dúró ti àwọn ẹṣin. Ó ti rí mi lọ́jọ́ kan tí mo wọlé tọ akọ ẹṣin dúdú kan tó máa ń gé gbogbo ènìyàn jẹ. Mo kàn bá a wí ní Yorùbá bí bàbá mi ṣe máa ń bá ẹṣin wí ni. Mo ní, "Ìwọ yìí, kí ló dé? Ta ló bí ẹ nínú?" Ó gbé orí sílẹ̀, ó jẹ́ kí n fi ìjánu sí òun lẹ́nu. Hẹ́lẹ̀nì ní iṣẹ́ ìyanu ni, n kò sì bá a jiyàn.

Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ilé ẹlẹ́ṣin ni wọ́n bí mi sí ní Ṣakí. Bàbá mi ló ń tọ́jú ẹṣin tí àwọn ìjòyè máa ń gùn lọ sí Yídì lọ́jọ́ Iléyá. Láti kékeré ni mo ti ń ru koríko, tí mo ń pọn omi fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Múfú, ni bàbá kọ́ ní gígùn. Múfú bẹ̀rù ẹṣin bí ẹni bẹ̀rù ejò, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni, òun ni wọ́n ń gbé lé e lórí. Èmi tí mo máa ń mọ èyí tí ẹsẹ̀ ń dùn nínú wọn kó tó rìn, koríko ni wọ́n ní kí n máa rù. Ó di ìlú òyìnbó kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé kí n gun ẹṣin. Mo gùn ún, orí mi wú. Ìṣẹ́gun kékeré ni, ṣùgbọ́n tèmi ni.

Kò pẹ́ tí Hẹ́lẹ̀nì fi rí i pé mo mọ ètò ṣe, ló bá kó gbogbo ètò ìrìn náà lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mo ń wá ibi tí ẹṣin yóò ti mumi, ibi tí koríko wà, ibi tí ènìyàn lè pàgọ́ sí tí ẹ̀fúùfù kò ní gbé e lọ. Èmi ni mo ń di ẹrù, kí ti ọ̀tún má baà wúwo ju ti òsì, nítorí ẹrù tó bá wọ́ sápá kan ló ń bó ẹṣin lẹ́yìn. Àwọn oníbàárà náà kì í fẹ́ amọ̀nà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá rìn ni, pé adùn ibẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n tó jí láàárọ̀, mo ti wa ọkọ̀ lọ gbé oúnjẹ ẹṣin sí ibi tí wọ́n máa sùn. Bí wọ́n bá padà dé, wọ́n á jókòó ti iná, wọ́n á máa sọ bí àwọn nìkan ṣe la aginjù kọjá, èmi ni n ó sì gbé tíì fún wọn. N ó máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo ẹ̀rín tí mo rín ní ìlú yẹn, kò sí èyí tó ti inú wá nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn tẹ́ máàpù ayé sórí tábìlì. Ó ní òkè Sikọ́tílándì ti sú òun, òun fẹ́ lọ gun ẹṣin níbi tó jìnnà gan-an, ibi tí kò sí nǹkan kan. Ó fi ìka rin ilẹ̀ Áfíríkà títí, ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kan láàárín odò Ògùn àti ibodè Bẹ̀nẹ̀. Ó ní, "Irú ibí yìí. Ẹ wò ó, kò sí nǹkan kan níbí." Ìka rẹ̀ bo Ṣakí, ó bo Ofiki, ó bo Ìlerò níbi tí ìyá mi wà. Mo bi í bóyá ó fẹ́ ṣúgà sí tíì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pe ìyá mi. Ó ti padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìlerò láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ara rẹ̀ kò le mọ́, Múfú sì ti fi Ṣakí sílẹ̀ lọ bá a gbé kí ó lè máa tọ́jú rẹ̀.

"Màámi," mo ní, "àbí orí ẹṣin ni bàbá fi gbé yín láti Ìlerò wá sí Ṣakí nígbà ìgbéyàwó?"

"Orí ẹṣin pupa kan báyìí. Kì í ṣe bí ẹ ṣe ń rò ó o. Ìdí ro mí títí di ọjọ́ kẹjọ. N ò lè sọ fẹ́nì kan, ìyàwó tuntun ni mí."

"Ọ̀nà wo lẹ gbà?"

"Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni. Níbo la ti fẹ́ rọ́nà ọ̀dà nígbà yẹn?"

"Mo fẹ́ gbà á. Tí ọyẹ́ bá ti mú, n ó wálé. N ó gba ẹṣin ní Ṣakí, n ó gùn ún wá bá yín ní Ìlerò. N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú mi lọ, èmi nìkan ni."

Mo rò pé yóò sọ pé obìnrin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kí o ṣáà gbé ìrọ̀rí kékeré kan dání o."

Láti ọjọ́ náà, ọjọọjọ́ Àìkú la fi ń ṣètò. Mo ti wo máàpù lórí fóònù títí ojú mi fi ń ro, ṣùgbọ́n máàpù kì í sọ odò tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn àti èyí tí kì í gbẹ. Ìyá mi mọ̀ ọ́n. Ó ní tí mo bá ti yọ kúrò lẹ́yìn àwọn àpáta Ṣakí, n ó bá ibì kan tí omi ti ń sun lábẹ́ òkúta, kí n jẹ́ kí ẹṣin mu ún, kí èmi má mu ún. Ó sọ ti igi osè méjì tó dojú kọra wọn, níbi tí bàbá mi ti tú gàárì kí ẹ̀yìn ẹṣin lè gbafẹ́. Ó sọ abà tí wọ́n sùn, ó sọ orúkọ obìnrin tó fún wọn ní ẹ̀kọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí mo bá ti pè é, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Níbo lo dé báyìí?" Èmi náà á ní, "Mo ti dé ìdí igi osè, Màámi." A ó sì máa bá ọ̀nà wa lọ láti ibẹ̀.

Níbi tí mo ń gbé, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ni pé ibo ni mo ti wá. Tí mo bá dé Ṣakí, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ni pé ìgbà wo ni mo máa padà. Ọdún ń lọ, ẹsẹ̀ mi kò balẹ̀ síbì kankan nínú ìbéèrè méjèèjì. Ìyá mi nìkan ló ń bi mí pé ibo ni mo dé, ìdáhùn sì máa ń wà lẹ́nu mi. Mo máa ń wọn oúnjẹ ẹṣin àwọn olówó, n ó máa ronú iye ọkà bàbà tí ẹṣin tèmi máa jẹ láti Ṣakí dé Ofiki. Ìnira iṣẹ́ náà dín kù.

Ọjọ́ Àìkú kan la dé odò Ofiki.

"Ibi tó bá fẹ̀ ni kí o gbà kọjá," ìyá mi ní. "Ibi tó há yẹn, ó jìn, ẹ̀tàn ni. Bàbá ẹ sọ̀ kalẹ̀, ó ń fa ẹṣin, èmi wà lórí ẹ̀. Omi mù ún dé itan."

"Tí mo bá wá kọjá ńkọ́?"

"Ó ti rẹ̀ mí lónìí. Jẹ́ n sinmi díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó mú ẹ kọjá odò."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Múfú ló gbé fóònù. Ó ní ìyá wa ń sùn. Mo tún pè, ó ní wọ́n ti lọ rí nọ́ọ̀sì. Mo tún pè, ó ní ohùn wọn há, nọ́ọ̀sì ní wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wá ní, "Kí lo fẹ́ bi wọ́n? Jẹ́ n bá ẹ bi wọ́n." Mo ní kó bá mi bi wọ́n, tí mo bá kúrò lódò, apá ibo ni n ó kọrí sí. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ tó ń padà bọ̀.

"Wọ́n ní kí o máa lọ tààrà títí wàá fi rí ilé epo kan lọ́wọ́ ọ̀tún."

"Ilé epo? Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìyàwó, ilé epo wà níbẹ̀?"

"Wọ́n ní kí o lè dá ibẹ̀ mọ̀ lóde òní ni."

Báyìí la ṣe ń ṣe é, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀. Mo ń béèrè, ẹsẹ̀ Múfú á lọ, ẹsẹ̀ Múfú á bọ̀. Ó ní ìyá wa ní kí n yà ní oríta tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí. Ó ní wọ́n ní tí mo bá rí ilé ìwé tó ní páànù aláwọ̀ ewé, kí n mọ̀ pé mo ti súnmọ́ Ìlerò. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó bá mi kí Màámi, kó sọ fún wọn pé ọyẹ́ ò ní pẹ́ mú mọ́.

Ará Ṣakí kan wà tó ń gbé nílùú mìíràn ní ilẹ̀ òyìnbó níbẹ̀. A kì í pe ara wa bí kò ṣe ọjọ́ ọdún. Ó pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo gbé ẹsẹ̀ ẹṣin sórí orúnkún, tí mo ń ha ẹrẹ̀ kúrò ní pátákò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Mo rí fídíò fídáù ogójì ọjọ́ Màmá. Àwọn àlùfáà pọ̀, ó dùn mọ́ mi nínú. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí Alujanna." Mo ní àmín. N kò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn ń sọ. Mo di ẹsẹ̀ ẹṣin náà mú, n kò jẹ́ kó lọ, òun náà kò sì fà á.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí abo ẹṣin funfun kan kú lọ́dọ̀ wa. Hẹ́lẹ̀nì ti ilé iṣẹ́ pa lọ́jọ́ náà. Àwọn oníbàárà fi òdòdó ránṣẹ́, ó gbá mi mọ́ra, ó ní kí n lọ sinmi, òun mọ̀ pé ó dùn mí. Èmi náà sunkún ẹṣin yẹn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ láti sọ pé ìyá mi ti kú, ó ní, "Ó mà ṣe o. Ṣé wọ́n ti dàgbà?" Mo ní wọ́n ti dàgbà. Ó ní, "Ṣé wàá ṣì lè bá wa ṣe ètò ìrìn ti Sátidé?" Mo ṣe ti Sátidé. Mo gbé tíì fún wọn, n kò rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì sọ fún Hẹ́lẹ̀nì pé ojú mi le.

Ṣùgbọ́n ti Hẹ́lẹ̀nì kọ́ ló pọ̀ jù. Àlejò ni mo jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé ni mo pè.

"Bọ̀dá mi, Màámi ńkọ́?"

"Wọ́n ń sùn."

"Mo gbọ́ pé ẹ ti ṣe fídáù ogójì ọjọ́ wọn."

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Ìyẹn ló mú iná ìbínú wọ inú mi. Kò tilẹ̀ kí mi pẹ̀lẹ́. Ẹni tó tú àṣírí ló ń wá. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ̀yin kò fi sọ fún mi?"

"Ìwọ nìkan lo wà lọ́hùn-ún. Àwọn àgbà ní ká dúró dìgbà tí o bá wálé. Tí a bá sọ ọ́ lórí fóònù, ta ló máa dì ẹ́ mú?"

"Èmi náà ni mo di ẹsẹ̀ ẹṣin mú, bọ̀dá mi."

Mo mọ àṣà wa. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. A ó fi irọ́ pè é wálé, a ó kó ènìyàn jọ, a ó jẹ́ kó jẹun, kí àgbà kan tó wá rọra là á fún un. Ìfẹ́ ló bí i, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló bi ẹni tó wà lájò léèrè rí? Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí n dá sunkún, ni wọ́n bá jẹ́ kí n máa dá rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ti wà nínú ilẹ̀, mo ń sọ pé kí wọ́n bá mi kí i. Wọ́n sin ín láìsí mi, wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ láìsí mi, wọ́n ṣe ti ogójì láìsí mi, wọ́n sì ń mú un sọ̀rọ̀ fún mi láàárín gbogbo ẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ Múfú yẹn ni kò kúrò létí mi. Yàrá tó ṣófo ni ẹsẹ̀ yẹn ń lọ.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí wọn kò rò. Ká ní wọ́n sọ fún mi pé ó ń kú lọ ni, mo lè bi í. Tí kò bá lókun ju ti ọ̀rọ̀ kan lọ, ọ̀rọ̀ kan yẹn ni n bá tọrọ. Ó dé Ofiki, ó dúró, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó mọ èyí tó kù. Ọ̀nà tó wà lọ́wọ́ mi láti odò títí dé Ìlerò, ti Múfú ni, Múfú tí kò mọ ju ọ̀nà ọ̀kadà lọ. Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Òtítọ́ bá a lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò gbé ọ̀nà náà padà wá fún mi.

Mo sọ fún Múfú pé mo ń bọ̀ síbẹ̀. Ó ní kí ni mo tún fẹ́ wá fi ẹṣin ṣe báyìí, pé òun á wá fi mọ́tò gbé mi ní Ṣakí. Mo ní ohun tí mo fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí n wọ Ìlerò gba ọ̀nà tí ìyá mi gbà jáde níbẹ̀. Tí n kò bá rí ọ̀nà tiwọn mọ́, kí n rí ojú ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọyẹ́ ti mú nígbà tí mo dé Ṣakí. Bàbá Wórú, Ìbàrìbá tó bá bàbá mi ṣiṣẹ́ ẹṣin nígbà ayé rẹ̀, ló ní abo ẹṣin aláwọ̀ eérú tí mo wá yá. Mo ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ gàárì, mo ti gbé pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, kí ó tó bi mí pé èmi àti àwọn ta la jọ ń lọ.

"Èmi nìkan ni, bàbá."

"Ìwọ nìkan? Láyé ìsinsìnyí?" Ó mi orí. "Ẹni tó bá dá nìkan wà lórí ẹṣin nínú igbó lónìí, bí kò bá jẹ́ ajínigbé, wèrè ni. Ìbọn ni wọ́n máa fi kí ẹ. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ tẹ̀ lé ẹ."

"N ò fẹ́ kó tẹ̀ lé mi."

"Ọmọ yìí, ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ẹṣin ni mo wá yá, bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fún mi ní ẹṣin títí Múfú fi dé. Orí ọ̀kadà ló bá wá. Ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Mo kúnlẹ̀ kí i nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, mo sì dìde kó tó dáhùn. Ó ní òun ti rán ọ̀rọ̀ sí àwọn baálẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ wọn ló ń bọ̀. N kò dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn tí mo ní n ó dá rìn ṣe di ti èmi lórí ẹṣin, Múfú lórí ọ̀kadà, tí òun yóò lọ ṣíwájú, tí yóò dúró dè mí, tí n ó kọjá lára rẹ̀ láìwò ó.

Ọ̀nà ìyá mi kò tàn mí. Omi ń sun lábẹ́ òkúta bó ṣe wí, ẹṣin mu ún. Igi osè ti ku ọ̀kan, ìhò ibi tí èkejì wà rí ṣì wà nílẹ̀. Mo tú gàárì níbẹ̀, mo jókòó lórí ìrọ̀rí mi, mo jẹ ẹ̀wà. A sùn lábà kan tí àwọn ènìyàn Bàbá Wórú wà. Nígbà tí mo dé odò Ofiki lọ́jọ́ kejì, Múfú gba orí afárá, èmi wá ibi tí odò ti fẹ̀. Omi kò kọjá orúnkún ẹṣin. Fún ìwọ̀nba ìgbà tí a fi wà nínú omi yẹn, inú mi dùn, mo ń sọ̀rọ̀ sókè fún ìyá mi bí ẹni tó wà lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni ẹṣin gun bèbè, n kò sì mọ ọ̀nà mọ́.

Mo béèrè ọ̀nà ẹṣin àtijọ́ lọ́wọ́ gbogbo àgbà tí mo rí. Àwọn kan ní ó wà rí. Wọ́n ní oko kaṣú ti bò ó, àwọn tó máa ń tọ̀ ọ́ ti kú tán. Mo kọrí sí inú igbó níbi tí mo rò pé ó yẹ kó wà. N kò lọ jìnnà tí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi yọ sí mi pẹ̀lú ìbọn, wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n ká ìbòrí mi kúrò kí àwọn rí ojú mi. Múfú ti fi ọ̀kadà sílẹ̀, ó sáré dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Àbúrò mi ni. Ó ń lọ kí ìyá wa ní Ìlerò ni."

"Ìyá wa ti kú, bọ̀dá mi," mo ní.

Àwọn ọdẹ ń wo èmi, wọ́n ń wo òun. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ìyá, ẹ gba ọ̀nà ọ̀dà lọ. Kò sí ẹni rere nínú igbó yìí mọ́." Ohùn rẹ̀ tutù. Mo gun ẹṣin, mo yí i padà sí ọ̀nà ọ̀dà. Ẹkún gbọ̀n mí, n kò sì jẹ́ kí Múfú rí i.

Ilé epo wà lọ́wọ́ ọ̀tún lóòótọ́. Mo dá ẹṣin dúró níwájú rẹ̀ títí Múfú fi dé ẹ̀gbẹ́ mi.

"Bọ̀dá mi, ta ló sọ ti ilé epo yìí fún mi?"

Ó wo ilẹ̀. "Jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ti ń mú."

"Ta ló sọ ọ́?"

"Èmi ni."

Mo ta ẹṣin ní kẹ́sẹ́. A dé oríta tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí. Àwọn tó wà níbẹ̀ dìde wò wá, wọ́n ń kí mi pé mo kú ẹṣin gígùn, àwọn kan gbé fóònù jáde. Mo tún bi Múfú ní ìbéèrè kan náà níṣojú gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni, mo mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́. Ó ní, "Èmi ni." Bí wọ́n bá ní n kò lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Mo ti ní ẹ̀kọ́ ju bó ṣe yẹ lọ láyé mi.

Nígbà tí ilé ìwé onípáànù ewé yọ, n kò tíì la ẹnu tí ó fi pa ọ̀kadà.

"Èmi náà ni mo sọ eléyìí," ó ní. "Ọjọ́ tí mo sọ ọ́, mo wọ yàrá wọn kí n tó dá ẹ lóhùn. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń wọ ibẹ̀. Mo rò pé nǹkan kan á wá sí mi nínú, ohun tí wọn ì bá sọ. Kò wá. Ohun tí mo mọ̀ ni mo ń sọ."

Inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Ìlerò ni wọ́n sin ìyá mi sí. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, àmì ìka ẹni tó rẹ́ ẹ ṣì wà létí rẹ̀. Mo so ẹṣin mọ́ igi máńgòrò. Múfú tẹ́wọ́ láti ṣe àdúrà, mo ní kó ṣì dúró. Mo kúnlẹ̀.

"Màámi," mo ní, "mo ti dé. Mo gba ọ̀nà tí ẹ júwe títí dé Ofiki, ó rí bí ẹ ṣe wí. Láti ibẹ̀, Múfú ló mú mi wá."

N kò pe ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ ṣánṣán lójú rẹ̀ rí láyé mi. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní títẹ́ níwájú rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ojú bí ẹni tó parí àdúrà.

"Àmín," ó ní.